Bí Iṣẹ́ Irun Dídì Ṣe Kú Mọ́ Wa Lọ́wọ́ ní Yábàá

Lọ́jọ́ tí a kó dé Yábàá, ohun àkọ́kọ́ tí ìyá ọkọ mi bèèrè ni ojúde. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ẹrù kalẹ̀ lórí ọmọlanke ni. Ọkọ mi, Búràímọ̀, gbé àpótí aṣọ lé èjìká, èmi gbé ìkòkò, ọmọ wa Àyọ̀ká sì di ẹní mú. Ìyá Àlímọ̀, ìyá ọkọ mi, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tuntun náà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

“Búràímọ̀, níbo ni ojúde wà?”

“Ìyá, kò sí ojúde. Títì nìyí.”

“Mo rí títì. Ibi tí èèyàn ń jókòó sí ni mò ń bèèrè.”

“Inú ilé ni wọ́n ń jókòó sí níbí.”

Ó wo àwọn ilé tó tò lọ bẹẹrẹ, tí ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì, tí ìlẹ̀kùn gbogbo wọn sì wà ní títì. Ó ní, “Ó dáa,” ó sì wọlé. Láti kékeré ni mo ti wà lọ́dọ̀ obìnrin yẹn. Mo mọ̀ pé tó bá fi ohùn yẹn sọ pé ó dáa, kò dáa rárá.

Onídìrí ni wá. Irun orí obìnrin la ń dì jẹun, òun ló sì kọ́ mi. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kó tó di pé a kó lọ sí Yábàá, agbo ilé wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé bàbá mi. Ojúde wọn fẹ̀, òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì nà síta tó fi jẹ́ pé òjò kì í lé wa wọlé. Níbẹ̀ ni Ìyá Àlímọ̀ máa ń jókòó sí lórí àpótí, ẹni tó fẹ́ dirun á jókòó sórí ẹní níwájú rẹ̀, á gbé orí lé e nítan. Àwọn tó ń dúró de tiwọn á jókòó yí wọn ká. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ wá dirun; ó kàn gbé ẹ̀fọ́ rẹ̀ wá já níbẹ̀ ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe kọ́ mi níṣẹ́, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ mi. Àwa ọmọbìnrin ilé máa ń fa koríko tútù lẹ́yìn ilé, a ó pín in sí mẹ́ta, a ó máa dì í bí irun. Bó bá já, a ó fa òmíràn. Láti orí koríko, a bọ́ sórí àwọn àbúrò wa, tí wọ́n máa ń sunkún tí wọ́n sì ń sá. Ní gbogbo àkókò yẹn, ojú wa wà lára ọwọ́ Ìyá Àlímọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ń dirun fún obìnrin kan, ó fẹ́ dìde lọ kírun. Ó wẹ̀yìn, ó rí mi, ó ní, “Ràbí, bá mi di ibí yìí mú.” Mo dì í mú. Nígbà tó padà dé, mo ti di ìlà mẹ́ta. Ó wò ó, kò tú u. Ọjọ́ tí mo di onídìrí nìyẹn.

Oríṣìíríṣìí ni irun. Kọ̀lẹ́sẹ̀ ni ti ọjọ́ lásán, iwájú ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ìpàkọ́ ló ń parí sí. Tí a bá dì í láti ọ̀tún àti òsì kó pàdé lókè orí bí ọwọ́ méjì tí a pa pọ̀, pàtẹ́wọ́ nìyẹn. Ṣùkú ni ti ìyàwó àti ti ọlọ́lá. Láti etí àti ìpàkọ́ la ti ń dì í lọ sókè, tí gbogbo rẹ̀ á kó jọ sí àárín orí bí agbọ̀n kékeré. Irin iṣẹ́ wa kò pọ̀. Òòyà onígi wà, ìlàrun wà, ìyẹn igi tẹ́ẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí a fi ń la irun, àdí sì wà tí a fi ń pa á kó lè rọ̀.

Mo ṣe àṣìṣe tèmi. Ìyàwó kan tí mo kọ́kọ́ dá dì ṣùkú fún, mo fẹ́ kó le dáadáa kó má baà tú kí wọ́n tó sìn ín délé ọkọ. Mo fà á débi pé ìpéǹpéjú rẹ̀ gòkè, ojú rẹ̀ sì là bí ẹni tí ẹ̀rù bà. Bó ṣe wọlé ọkọ nìyẹn. Gbogbo ẹbí ọkọ ń bi ara wọn ní kí ni ìyàwó rí. Ìyá Àlímọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní, “Ràbí, orí èèyàn lo ń dì, kì í ṣe ẹrù igi. Máa bi í bó ṣe ń rí lára rẹ̀.”

Òun máa ń bi wọ́n. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ irun nìkan ló ń bèèrè. Obìnrin tó bá gbé orí lé e nítan, tí ojú rẹ̀ kọ sí ibòmíràn, á sọ ohun tí kò lè sọ fún ìyá tó bí i. Obìnrin kan wà tí irun rẹ̀ fẹ́lẹ́ ní apá òsì nìkan. Ìyá fọwọ́ kan ibẹ̀, ó ní, “Ta ló ń fa irun rẹ?” Ìyá dirun náà tán, ó wé gèlè, ó sì lọ bá àwọn àgbà ilé ọkọ obìnrin náà. Nígbà tí obìnrin náà padà wá dirun lẹ́yìn oṣù díẹ̀, apá òsì ti ń hù.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, torí òun ló dá wa lápá ní Yábàá. Irun tó bá já bọ́ nígbà tí Ìyá bá ń yarun, kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé e. Á ṣà á jọ, á ká a, á sì fi lé oní-irun lọ́wọ́. Gbogbo wa la mọ ìdí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí irun òun bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀. Èèyàn kì í gbé orí fún onídìrí torí pé ọwọ́ rẹ̀ dára nìkan. Ó mọ ilé rẹ̀, ó mọ ìyá rẹ̀, ó mọ ibi tó ti máa bá a bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àrùn eku wọ Èkó. Àwọn wolé-wolé ń ti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń wo òkú eku, wọ́n ń wo abíyá àwọn ọmọdé bóyá ó wú. Àwọn kan kú ní àdúgbò wa. Ìjọba ní àwọn ilé wa ti fún jù, wọ́n ní afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ ibẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó wọn. Mi ò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n pa nípa eku. Eku wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n wó ilé, kì í ṣe eku nìkan ló túká. Àwọn kan lọ sí Èbúté Mẹ́ta, àwọn kan lọ sí Mushin, àwọn kan há mọ́ àwọn ẹbí wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbẹ̀. Búràímọ̀ tó jẹ́ káfíńtà rí ilé gbà ní Yábàá. Inú rẹ̀ dùn sí i. Omi ẹ̀rọ wà nítòsí, títì gún régé, fèrèsé sì wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn.

Ní ọjọ́ kejì tí a dé, Ìyá gbé àpótí rẹ̀ síwájú ìlẹ̀kùn. Ó kó òòyà àti ìlàrun sórí aṣọ mímọ́, ó jókòó. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń kí i dáadáa, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Kò sẹ́ni tó dúró. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí òòrùn fi lé e wọlé, torí pé òrùlé ilé náà kò nà síta rárá.

Akọ̀wé kan, ará Ìjẹ̀bú, àti ìyàwó rẹ̀ ló wà lápá ọ̀tún wa. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ ló wà lápá òsì. Ìyàwó aláṣọ náà, Ìyá Délé, jẹ́ onísùúrù èèyàn. Mo lọ bá a, mo ní ìyá wa máa ń dirun, pé ọwọ́ rẹ̀ dára.

“Mo ti gbọ́,” ló wí. “Ẹ má bínú sí mi. Ẹnì kan wà tó ń dì í fún mi ní Mushin, ọmọ ìlú wa ni.”

“Ṣé ẹ̀ẹ́ máa rìn lọ sí Mushin torí irun?”

“Orí ni, Ìyá Àyọ̀ká. Mi ò mọ̀ yín.”

Kò sọ ọ́ láti fi bú wa. Bí èmi náà bá jẹ́ àlejò sí i, ohun tí n bá sọ nìyẹn. Mi ò sọ fún Ìyá, ṣùgbọ́n ó bi mí pé kí ni obìnrin yẹn wí, mo ní kò sí nílé. Ó ní, “Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́ yẹn.”

Èmi ni mo dábàá pé kí a lọ sí Sábó. Igi ńlá kan wà lẹ́bàá ọjà níbẹ̀, òjìji rẹ̀ fẹ̀. Mo rò pé níbi tí oríṣìíríṣìí èèyàn bá ti ń kọjá, a ó rí àwọn tí kò ní ẹnikẹ́ni. Ó sì rí bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó kúkù kan wá. Ọmọ ọ̀dọ̀ kan láti Abẹ́òkúta wá, tó sunkún nígbà tí Ìyá fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó ní ó pẹ́ tí ẹnì kan ti fọwọ́ kan òun láìnà òun. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun dáadáa. Ó ń sọ ìtàn bá a bá ń rìn lọ sílé. Mo rò pé wàhálà wa ti parí.

Ni wolé-wolé bá dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó wọ kakí, ó dé àkẹtẹ̀ òyìnbó, bàtà rẹ̀ ń dán.

“Ta ló ní kí ẹ jókòó síbí?”

Ìyá ní, “Òjìji igi la jókòó sí, ọmọ mi.”

“Irun ń fò wọ inú oúnjẹ tí wọ́n ń tà lọ́jà.”

“Irun kì í fò lọ́dọ̀ mi. Wò ó, òun nìyí lọ́wọ́ mi.” Ó sì la ọwọ́ hàn án, níbi tó ká irun tó já lórí obìnrin tó ń dirun fún sí.

“Ìyá, mi ò bá yín ṣeré. Bí mo bá tún bá yín níbí, kóòtù ni. Ẹ lọ máa ṣe é nílé yín.”

“Ilé wo?”

Ó rò pé Ìyá ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó fẹsẹ̀ ti àpótí náà dànù, òòyà ṣubú sínú eruku. Obìnrin tí a ti di orí rẹ̀ débi ìdajì wé gèlè lé ìdajì irun, ó sá lọ. A padà lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n kó àpótí àti ẹní wa lọ. A ò padà lọ mọ́.

Ní àkókò yẹn ni Búràímọ̀ ní kí Àyọ̀ká wọ ilé ìwé. Ọmọ náà ti ń lọ sí ọdún mẹ́jọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ irun. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó ti máa ń di koríko bíi tiwa, ó sì ti ń fi ọwọ́ kan orí àwọn ọmọ kéékèèké tí Ìyá bá fi sí i lọ́wọ́. Ọkọ mi ní, “Mi ò fẹ́ kí òun náà máa jókòó sábẹ́ igi kí wọ́n máa lé e kiri.” Ojú ìyá rẹ̀ ló ti sọ ọ́. Nígbà tí ọjọ́ ìwọ̀lé kù sí ọ̀la, ó pe Àyọ̀ká jókòó, ó sì di ṣùkú fún un, èyí tó rẹwà jù lọ nínú gbogbo èyí tí mo rí i dì. Ó ní ọmọ kì í fi orí játijàti lọ bá olùkọ́.

Lọ́jọ́ tí Àyọ̀ká kọ́kọ́ lọ, ó padà dé pẹ̀lú síléètì lórí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di síléètì náà mú, kò jẹ́ kí a gbà á. Nígbà tí mo gbà á, mo rí i pé wọ́n ti gé gbogbo irun náà kúrò. Ipa funfun wà níbi tí ìlà ṣùkú gbà, orí náà ń dán. Ìyá ti yàrá jáde, ó rí i, ó di ògiri mú.

“Ta ló kú?”

Lọ́dọ̀ tiwa, ìyàwó òkú ni wọ́n ń fá irun fún. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ nípa orí obìnrin tí wọ́n mú irun kúrò nìyẹn.

“Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá àgbà,” ni Àyọ̀ká wí, ó sì ń sunkún débi pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń já. “Tíṣà ló gé e. Wọ́n ní gbogbo wa ni wọ́n máa gé tiwa.”

“Irun náà dà?”

“Wọ́n sun ún.”

Ìyá wo èmi, ó wo ọmọ náà, ó padà sínú yàrá. Títí dòru ni Àyọ̀ká fi sunkún. Mo fi ìborùn mi wé orí fún un, ó tú u, ó ní wọ́n ní òun kò gbọ́dọ̀ wé e.

Mo lọ sí ilé ìwé náà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wọn dé fìlà bíi ti ìyàwó òyìnbó, ṣùgbọ́n Yorùbá ni, Yorùbá tó dùn ló sì ń sọ. Ó fún mi ní àga. Kò pariwo mọ́ mi. Ó ní orí irun ni ọkàn àwọn ọmọ tó ń dirun máa ń wà, pé iná orí ń wọ̀ ọ́, pé irun gígé ló ń jẹ́ kí gbogbo wọn dọ́gba, ọmọ olówó àti ọmọ tálákà.

“Iṣẹ́ wo ni ẹ ń ṣe, Màmá?”

“Onídìrí ni mí.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó ń ṣàánú mi. “Ẹ̀ẹ́ rí i pé ire ọmọ yín là ń ṣe. Ẹ ò ní fẹ́ kó parí síbi tí ẹ parí sí.”

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo ti kó jọ sẹ́nu kí n tó délé ìwé. Mo kí i, mo sì lọ. Nígbà tí mo sọ fún Búràímọ̀, ó ní ó dùn òun, ṣùgbọ́n irun á hù padà.

Kò hù padà. Bó bá ti fẹ́ hù, wọ́n á tún gé e. Àyọ̀ká bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀wé dáadáa, ó ń ka ìwé fún bàbá rẹ̀, ó sì ń gba ẹ̀bùn. Mo yọ̀ sí i, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, Ìyá ní kó wá bá òun di òwú mú, ó ká ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní, “Tíṣà ní iṣẹ́ àwọn tí kò lọ sílé ìwé ni.” Kò fi ohùn àfojúdi sọ ọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ń kà jáde, bó ṣe ń ka ABD.

Láti ìgbà náà ni ọkàn Ìyá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Kò ṣàìsàn. Ó kàn ń jókòó. Á fa etí ẹní tó jókòó lé, á pín okùn rẹ̀ sí mẹ́ta, á dì í, á tún tú u. Ó máa ń pe èmi ní orúkọ àwọn obìnrin Ìsàlẹ̀ Èkó, á bi mí bóyá ọmọ mi ti rìn, bóyá ọkọ mi ti ti oko dé. Bí mo bá ní, “Ìyá, Ràbí ni mí,” á ní, “Mo mọ̀.” Búràímọ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó ní ara rẹ̀ le, ogbó ló ń ṣe é. Ọkọ mi gbà bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ fún àwọn tó bá bèèrè pé iyè ìyá òun ti ra.

Lọ́jọ́ kan, mo ti ọjà dé, mi ò bá a. A wá gbogbo Yábàá, a wá Sábó, a bi àwọn tó wà lábẹ́ igi. Búràímọ̀ gba ọ̀nà Mushin. Èmi gba ọ̀nà afárá tó lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, torí mo ti fura.

Níbi tí agbo ilé wa wà tẹ́lẹ̀, iyanrìn àti òkìtì bíríkì ló kù. Wọn kò tíì kọ́ nǹkan kan síbẹ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rín kí n tó rí wọn. Ìyá jókòó sórí òkúta níbi tí ojúde wa wà, obìnrin ẹlẹ́ja kan gbé orí lé e nítan, àwọn méjì mìíràn sì jókòó sílẹ̀, wọ́n ń dúró. Ìlàrun igi ìgbálẹ̀ ló fi ń la irun. Ó ń sọ ìtàn ìyàwó tí mo fa irun rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi là, kò sì fo ibì kankan, kò ṣi orúkọ ẹnikẹ́ni pè. Ó gbójú sókè, ó rí mi.

“Ràbí, o pẹ́. Bá mi mú èyí tó kàn.”

Mo jókòó. Kí ni n bá ṣe? Mo mú orí obìnrin tó kàn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í la kọ̀lẹ́sẹ̀. A jọ ṣiṣẹ́, a jọ sọ̀rọ̀. Ó bi ẹlẹ́ja náà léèrè ọmọ, ó gbà á nímọ̀ràn nípa orogún rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ní iyè rẹ̀ ti ra, ibẹ̀ yẹn ni iyè náà wà. Nígbà tí àwọn obìnrin náà lọ tán, mo ní, “Ìyá, ó yẹ ká máa lọ.”

“Síbo?”

“Yábàá.”

“Ta la ní ní Yábàá?”

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ kan tó ṣì wà nítòsí, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó máa gbé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n sunkún, wọ́n sì fi yàrá wọn hàn mí. Àwọn tí ilé wọn wó ti kún ibẹ̀, ọmọdé ń sùn lábẹ́ tábìlì. Kò sí ibi tí wọ́n fẹ́ tẹ́ ẹní Ìyá sí. A rìn padà lórí afárá. Nígbà tí a délé, Búràímọ̀ dì mọ́ ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó kan irin mọ́ ìlẹ̀kùn láti ìta. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun kó má baà ṣubú sínú ọ̀sà. Ọmọ rere ni ọkọ mi. Mo sọ ohun tí mo rí fún un, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní, “Ràbí, ilẹ̀ yẹn kì í ṣe tiwa mọ́.” Òótọ́ ló sọ.

Ìyá kò rí òpin òjò ọdún yẹn.

Àwọn obìnrin mùsùlùmí láti Mushin ló wá wẹ̀ ẹ́. A ò mọ̀ wọ́n, àwọn náà kò mọ̀ wá. Irun òkú obìnrin, mẹ́ta ni wọ́n ń dì í sí. Aṣáájú wọn bèèrè ẹni tó máa dì í. Mo ní èmi ni. Irun rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ó rọ̀ bíi ti ọmọ tuntun. Èmi tí Ìyá kọ́ pé kí n máa bi ẹni tí mò ń dirun fún bó ṣe ń rí lára rẹ̀, mo bi í. Obìnrin tó ń bu omi wò mí, ó sì gbójú kúrò.

Mi ò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mò ń rìn lọ sí Mushin, sọ́dọ̀ àwọn ìdílé tó ti pẹ́ níbẹ̀, mò ń ti ilé dé ilé. Ó gbà mí ní àkókò kí wọ́n tó mọ̀ mí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ mí nígbẹ̀yìn. Mo ti di orí ọ̀pọ̀ ìyàwó ní ìlú yẹn, kò sì sí èyí tí ojú rẹ̀ là wọlé ọkọ. Èyí tí mi ò rí ṣe ni kí n kọ́ ẹlòmíràn. Ọmọbìnrin kan wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ó jókòó sí yàrá mi, ó ní kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo la ẹnu, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Wọn kò sọ fún èmi rí. Ojúde ló kọ́ mi, àti àwọn obìnrin tó ń já ẹ̀fọ́, àti koríko ẹ̀yìn ilé. Mo ní kó máa wò mí, ó sì wò mí títí, èmi àti òun nìkan nínú yàrá, kí ó tó sú u. Ó lọ kọ́ aṣọ rírán.

Àyọ̀ká parí ìwé, wọ́n sì gbà á sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé kan ní Mushin. Bàbá rẹ̀ pa àgbò. Ó ń gbé lọ́dọ̀ wa síbẹ̀, ó ń lọ ní àárọ̀, ó ń padà ní ìrọ̀lẹ́.

Lẹ́yìn Iléyá ọdún kan, oníbàárà mi kan ní Mushin, Ìyá Nọ́ímọ̀, dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni mo di ṣùkú fún ọmọ rẹ̀ obìnrin fún ọdún náà. Ọmọ náà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó fi aṣọ ìyá rẹ̀ bojú. Wọ́n ti gé irun náà kanlẹ̀.

“Ẹ wo iṣẹ́ yín, Ìyá,” ni obìnrin náà wí. “Tíṣà wọn ló gé e. Mo ní kó jẹ́ kó lò ó títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kò gbà.”

“Tíṣà wo?”

“Ọmọdébìnrin kan báyìí, kò ju ọmọ ọdún mélòó lọ. Mísì Búràímọ̀ ni wọ́n ń pè é.”

Mi ò sọ fún un pé èmi ni mo bí i. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní kó má bínú, pé irun á hù padà. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu mi ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni.

Nígbà tí Àyọ̀ká dé ní ìrọ̀lẹ́, mo gbé oúnjẹ fún un. Mo jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán.

“Ọmọ Ìyá Nọ́ímọ̀ tí o gé irun rẹ̀, èmi ni mo dì í.”

Ó gbé abọ́ sílẹ̀. “Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni, Ìyá mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá tilẹ̀ mọ̀, n bá gé e náà ni. Òfin ni. Bí mi ò bá gé e, èmi ni wọ́n máa bá wí.”

“Mo mọ̀. Ṣé ọmọ náà sunkún?”

“Ó sunkún gan-an. Mi ò mọ ohun tó ń pa á lẹ́kún tó bẹ́ẹ̀.”

“Ìwọ náà sunkún lọ́jọ́ tìẹ.”

Ó wò mí bí ẹni pé mo ń sọ̀rọ̀ ọmọ ẹlòmíràn. “Lọ́jọ́ wo?”

Mo sọ fún un. Mo sọ ti ṣùkú, ti síléètì tó fi bo orí, ti bí ìyá àgbà rẹ̀ ṣe di ògiri mú. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi dáadáa, ó tilẹ̀ gbìyànjú, ó fa iwájú orí rẹ̀ jọ bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń ronú.

“Mi ò rántí,” ló wí.

Mo wo ojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kò purọ́ fún mi. Kò rántí lóòótọ́.